Ara Tó Ń Fa Ọkọ̀

Ẹ̀gbẹ́ ni Katapílà fi wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń rán àga mọ́tò, lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé, nítorí ẹnu ọ̀nà há, àwọn àga mọ́tò tí wọ́n ti tú sì dí ìdajì rẹ̀ pa. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sún nǹkan kan fún òun. Ó gbé bẹ́líìtì ńlá kan lé orí tábìlì, gbàà!

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́rẹ́ gbogbo aránṣọ àdúgbò ló ti ṣẹ́ sí bẹ́líìtì yìí lára. Wọ́n ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń rán àga mọ́tò. Ṣé ẹ máa rán an, àbí kí n máa lọ sílé?”

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín, ìnagijẹ ni Katapílà. Ìdíje alágbára ni obìnrin yìí ń ṣe, iṣẹ́ tó ń fi jẹun nìyẹn. Á gbé òkúta, á gbé irin, á wá gbé bẹ́líìtì kọ́ èjìká, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, á sì máa fa ọkọ̀ náà bọ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ó ga, ó sanra, èjìká rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, kò sì tọrọ àforíjì nítorí ìyẹn rí. Bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn lójú pópó, òun náà á tẹjú mọ́ onítọ̀hún títí tójú á fi tì í.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ní tiẹ̀, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ kì í wọ́n ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Alábẹ́rẹ́. Ó yí bẹ́líìtì náà síwá sẹ́yìn, ó fi ìka tọ ojú ibi tó ti ya.

“Ọkùnrin ni wọ́n rán èyí fún,” ló wí. “Ibi tó yẹ kó ti fún yín, ó dẹ̀. Ibi tó yẹ kó ti dẹ̀, ó ń há yín láyà. Mi ò ní rán an. Màá rán tuntun fún yín.”

“Háà! Ẹ ò tíì mọ orúkọ mi, ẹ ti fẹ́ rán tuntun fún mi?”

“Bẹ́líìtì nìkan ni mo tíì sọ o. Mi ò tíì sọ nǹkan mìíràn.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Katapílà. Alábẹ́rẹ́ mú tépù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àyà rẹ̀.

Ó dáa, ẹ gbọ́ o. Gbogbo ọkùnrin tó ti wọn Katapílà rí ló máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní, “Yéè, tépù ò ká a o!” Àwọn mìíràn á súfèé. Nígbà tí tépù Alábẹ́rẹ́ ò yí i ká, kò sọ kiní kan. Ó na ọwọ́, ó mú tépù kejì, ó so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti wọ Katapílà lára, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti wọlé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ẹyin ojú ara wọn. Bí Alábẹ́rẹ́ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, jíìmù ló ń gbà lọ. Á jókòó sórí àpò iyanrìn, á máa wo olólùfẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń làágùn. Lọ́jọ́ kan, ó rí i tí Wẹ́dà, obìnrin kan tó ń jó irin, tí kò tó ìdajì Katapílà, gbé irin méjì lọ́wọ́, tó sì sá tete kọjá rẹ̀.

“Ayọ̀ mi, má bínú o,” ni Alábẹ́rẹ́ wí. “Ṣebí ìwọ lo lágbára jù? Kí ló dé tí tẹ́ẹ́rẹ́ yìí fi ọ́ sílẹ̀?”

“Nítorí pé irin nìkan ni òun ń gbé. Èmi ń gbé irin, mo tún ń gbé ara mi. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ ká gbé nǹkan sáré, Wẹ́dà á ti dé ibẹ̀, á ti mu omi, á tún ti gbàgbé mi.”

“Òkúta ńkọ́?”

“Òkúta ń fẹ́ apá gígùn. Tèmi gùn, o mọ̀.”

“Mo mọ̀,” ni Alábẹ́rẹ́ wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Ọkọ̀ wá ńkọ́?”

“Ọkọ̀ ni tèmi! Bí mo bá ṣe tẹ̀ síwájú, ìwọ̀n ara mi ni mo fi ń fà á. Bí mo bá lọ fúyẹ́ bí ìyẹ́, mo lè lágbára bí ẹṣin, ọkọ̀ náà á kàn dúró máa wò mí ni.”

“Áà, mo rò pé ẹ kàn ń gbé nǹkan ni. Ẹ ń ro ó jinlẹ̀ tó báyìí?”

“Ta ló sọ fún ọ pé agbára nìkan ni?”

Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ fún un ní òrùka, Katapílà ò díbọ́n pé òun ń rò ó. Ó ní, “Mo ti ń retí ẹ,” ó sì gbé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ó wá ku kí ó lọ rí ìyá ọkọ.

Ilé ìfọṣọ ni ìyá Alábẹ́rẹ́ ní. Ó gba Katapílà tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní ìjókòó, ó bá a ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ ṣe gbé ẹrù ṣẹ́ẹ̀tì jáde lọ fún oníbàárà, ìyá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

“Ọmọ mi, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ. Mo fẹ́ràn rẹ. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí.”

“Ẹ̀rù kí ni, Màmá?”

“Bàbá ọmọ yìí sanra bíi tìẹ. Ó lágbára bíi tìẹ náà. Àpò aṣọ tí èèyàn mẹ́ta ń gbé, òun nìkan á gbé e. Níbi tí o jókòó sí yẹn ló ti ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, kò sì rẹ́rìn-ín náà parí. Ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mi kéré nígbà náà, ó kàn ń fa àpò ṣòkòtò bàbá rẹ̀ ni, ó rò pé ó ń ṣeré.” Ìyá ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó tú u, ó tún un ká. “Mi ò lè tún rí irú ẹ̀. Dín ara rẹ kù fún mi. Bí o bá dín in kù, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ jó níbi ìgbéyàwó yín. Jọ̀ọ́, má sọ fún un.”

Kí ni èèyàn fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí? Katapílà ò tíì rí ẹrù tó sọ pé òun ò lè gbé. Ó rò pé òun á dín ara kù, òun á sì tún máa fa ọkọ̀. Ó ní, “Ó ti parí, Màmá.” Àṣìṣe ńlá gbáà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè bá a wí, ìfẹ́ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹyẹ. Ẹyin tó máa ń jẹ láàárọ̀ di ẹyọ kan. Ó ń fi ìrẹsì sílẹ̀ nínú àwo, á ní òun ti yó. Kóòṣì rẹ̀, bàbá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò ó títí.

“Ṣé ara ẹ le?”

“Ó le koko, sà.”

“Irin tó ò ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀ ló ń mú ẹ kérora yìí.”

“Oorun ni mi ò sùn tó, sà.”

Ìdíje kékeré kan ṣáájú ìdíje ńlá tí wọ́n ti ń yan olúborí. Katapílà so ara mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà. Ọkọ̀ yí díẹ̀. Ó tún fà. Bàtà rẹ̀ ń yọ̀ lórí ọ̀dà títì, bẹ́líìtì ń lọ síwá sẹ́yìn lára rẹ̀, ọkọ̀ sì dúró gbọn-in. Àwọn èrò tó máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ dákẹ́. Òun ló gbẹ́yìn. Katapílà, nínú ọkọ̀ fífà! Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Alábẹ́rẹ́ ló wá tú bẹ́líìtì náà lára rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àárín bẹ́líìtì àti àyà rẹ̀, gbogbo ọwọ́ náà sì wọlé.

“Èmi ni mo rán èyí,” ló rọra wí. “Ọwọ́ mi kì í wọ ibí. Ta lò ń rù fún?”

Katapílà kọ́kọ́ fẹ́ parọ́. Ó wò ó lójú, irọ́ náà ò sì jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

“Màmá mi!” Inú bí Alábẹ́rẹ́ burúkú. “Mò ń lọ síbẹ̀ báyìí báyìí. Ìwọ náà, o wá ń fi ebi pa ara rẹ lójú mi, o ò sọ fún mi? Ṣé mo sọ fún ọ rí pé ara rẹ pọ̀ jù fún mi?”

“O ò sọ ọ́ rí.”

“Kí ló wá dé?”

“Mo fẹ́ ẹ ni. Mo rò pé bí màmá ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní rí ẹ fẹ́.” Ó nu ojú rẹ̀ nù. “Jókòó. Èmi ni mo ṣèlérí yẹn, èmi ni màá lọ gbà á padà.”

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró sí iwájú tábìlì áyọ́ọ̀nù.

“Màmá, ẹ má bínú. Mo gbìyànjú rẹ̀, kì í ṣe èmi. Nígbà tí mo dín ara kù, agbára mi lọ, ayọ̀ mi náà sì bá a lọ. Mi ò ní ṣe é mọ́. Dókítà ń yẹ ọkàn mi wò kí wọ́n tó jẹ́ kí n díje, wọ́n ní ó dáa.”

“Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ọmọ mi náà,” ni ìyá dáhùn. Kò gbé ojú sókè.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Katapílà lákínyẹmí ara. Ó bọ́ òrùka, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ ò tíì rí mi lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ẹ wá wò mí níbi ìdíje ńlá. Ẹ mú òrùka yìí dání. Bí ẹ bá wò mí tán tí ẹ ṣì ní rárá, ẹ máa gbé e lọ, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo máa gbà á padà.”

Ìyá wò ó tìyanutìyanu. Ó mú òrùka náà, ó sì fi sínú àpò.

Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ gbọ́, ó di orí mú. “O fi òrùka mi ta tẹ́tẹ́?”

“Fọkàn balẹ̀, ọkọ mi. Mo mọ ohun tí mo lè fà.”

Katapílà padà sídìí oúnjẹ tọkàntọkàn. Ohun kan wà tó yí padà o: ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gígùn láràárọ̀ kí èémí rẹ̀ lè túbọ̀ dáa, ohun tí Kóòṣì ti ń bẹ̀ ẹ́ sí tipẹ́ tí kò dá a lóhùn. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù màmá kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ká apá mọ́yà, kò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Katapílà gbé òkúta ju gbogbo wọn lọ. Wẹ́dà gbé irin sáré, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ pátápátá, Katapílà sì ń mí gúlegúle bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa kan ọkọ̀ fífà, Wẹ́dà ló wà níwájú, ó sì tún fa ọkọ̀ tiẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Àfi kí Katapílà yára jù ú lọ fíìfíì kó tó lè borí.

Alábẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ó gbìyànjú láti ti ìka bọ̀ ọ́, ìka ò wọlé. “Ó dára,” ló wí, ó sì kúrò lọ́nà.

Katapílà tẹ̀ síwájú títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Ó kó gbogbo ara yẹn, gbogbo èyí tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré, ó gbé e lé okùn náà. Ọkọ̀ yí. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tún gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbirigbiri, kò dúró rárá. Àwọn èrò dìde. Nígbà tó kọjá ìlà, wọ́n ń pariwo pé, “Katapílà! Katapílà!” Ó ti yára ju Wẹ́dà lọ fíìfíì, òun ni olúborí.

Ó ṣubú sẹ́yìn sórí ọ̀dà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó di ojú.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti dìde. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó fo okùn tí wọ́n ta kọjá. Ẹ̀ṣọ́ kan ní, “Màmá, ẹ ò lè wọ ibí o.”

“Ìyàwó ọmọ mi nìyẹn, yàgò!”

Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná náà, ó gbé etí lé àyà Katapílà. Àwọn èrò rò pé ó ń dì mọ́ ọn ni.

“Màmá,” ni Katapílà wí, ó ń mí gúlegúle, “mo kàn ń sinmi ni.”

“Dákẹ́. Mò ń gbọ́ nǹkan.”

Ó fetí síbẹ̀ pẹ́. Ọkàn náà ń sáré, ó ń lù kìkìkì, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń lù déédéé. Alábẹ́rẹ́ ti sáré dé, ó dúró lé wọn lórí.

“Màmá,” ló wá wí níkẹyìn, “òrùka ńkọ́?”

Ìyá kò gbé orí kúrò. Ó fọwọ́ wá òrùka jáde nínú àpò, ó ń wá ọwọ́ Katapílà láìwo ibẹ̀, ó sì tì í bọ̀ ọ́ níka. Omijé rẹ̀ ń rọ sórí bẹ́líìtì.

“Mi ò gbé etí lé àyà bàbá rẹ rí,” ló wí. “Gbogbo ọdún yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí kí n gbọ́ ọ.”

Katapílà gbé apá ńlá rẹ̀ sókè, ó fi gbá ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ra.

“Ẹ máa gbọ́ tèmi, Màmá,” ló wí. “Kò sí ibi tí mò ń kánjú lọ.”