Ìwé Tí Wọ́n Rán Mọ́ Èèpo Mìíràn

Aránṣọ kan ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, níbi tó ti ń tú ojú ìrán aṣọ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣẹlẹ̀ sí.

Láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà, awakọ̀, ti kú, kò sí ohun tó ń dùn ún, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Ó ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé, bí ẹni ń rìn lójú oorun.

Olùkọ́ èdè Òyìnbó wá fún wọn níṣẹ́. Kí kálukú kọ ogójì gbólóhùn nípa ará ilé rẹ̀ sínú ìwé kan: ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ohun tí wọ́n máa ń ṣe lójoojúmọ́, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kò ṣe mọ́.

"Ọ̀tọ̀ ni bí Òyìnbó ṣe ń sọ ìkọ̀ọ̀kan," ni olùkọ́ wí. "Ẹni tí kò bá kó ìwé wá lọ́jọ́ Ẹtì, n ò ní kọ orúkọ ẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá."

Ọmọ aránṣọ kọ "Bàbá mi," ó dúró. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó fi tẹ̀ lé e? Ó pa ìwé dé.

Lọ́jọ́bọ̀, ó yọ ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín, nínú àpò ọ̀rẹ́ náà. Nídìí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, ó fa èèpo rẹ̀ ya, ó fi òwú dúdú rán èèpo tirẹ̀ mọ́ ọn. Àyà rẹ̀ ò tilẹ̀ já.

Nígbà tó dọjọ́ Ẹtì, Ẹlẹ́rìn-ín da àpò sílẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ gbà mí o! Mo kọ ọ́ tán!"

"Ìwé ẹ ti yọ ẹsẹ̀," ni ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ó ti lọ ṣèdánwò fúnra ẹ̀."

Olùkọ́ pe orúkọ ọmọ aránṣọ lára ìwé tó wà lókè, ó ṣí i, ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. "Bàbá mi ń kunlé lọ́wọ́ báyìí. Bàbá mi máa ń kọrin láràárọ̀."

Kíláàsì yíjú sí ọmọ aránṣọ. Gbogbo wọn ló lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Olùkọ́ tún wo orúkọ tó wà lára èèpo.

"Ọmọ mi, bàbá ta nìyí?"

"Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ni, mà."

"Ká ní o sọ fún mi pé kò ṣeé kọ ni, ǹ bá fún ẹ láyè." Olùkọ́ fagi lé orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó máa ṣèdánwò. "Ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ tú èèpo ẹ kúrò lára ìwé ọ̀rẹ́ ẹ, kó o dá a padà fún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ẹlẹ́rìn-ín wá gba ìwé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ọmọ aránṣọ mú abẹ, ó ń tú òwú náà níkọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ̀wù à-gbà-wọ̀ kì í yẹni," ni ìyá wí. "Bí kò fúnni lápá, á ṣoni. Ọmọ mi, ẹni tó sá fún ìrora tiẹ̀, tó lọ jí ayọ̀ ẹlòmíì, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ò ní ṣófo?"

Ọmọ náà tú òwú tó kẹ́yìn. Ó na ìwé náà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ká ní o bi mí ni," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, "ǹ bá jókòó tì ẹ́, ká jọ kọ tìẹ."

Ó gbọn òwú dúdú tó kù lára ìwé náà dànù, ó bọ́ sí títì. Kò bojú wẹ̀yìn.