Ẹni Tí Kì Í Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Kalísítà

Kò sí fọ́tò Khàlíl kankan tí òkun kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún àbúrò mi Sherifa, ó ní ìlara ló ń dà mí láàmú. Ọkùnrin tí Sherifa ń fẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Kalísítà, tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì láti èbúté dé èbúté. Ó ti yí ayé po. Síbẹ̀ kò sí ìlú kan tó ti dúró ya fọ́tò lórí ilẹ̀. Kò sí igi lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ògiri, kò sí ajá tó ń kọjá lọ. Omi ṣáá ni.

Kokomlemle ní Accra ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ọmọ Ogbomọ̀ṣọ́ ni bàbá wa. Ìkókó ni Sherifa nígbà tí ìyá wa kú, èmi Zuweira ni mo gbé e pọ̀n. Ìpara àti lọ́fíńdà tí mò ń tà ní ọjà Okaishie ni mo fi rán an nílé ìwé, n kò sì bímọ mìíràn lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ gbọ́dọ̀ dúró níwájú mi kí n wò ó látòkè délẹ̀.

Iṣẹ́ Sherifa ni láti máa mú àwọn àlejò tó bá wọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Tema yí ìgboro Accra ká. Níbẹ̀ ló ti pàdé Khàlíl, tó máa ń dúró níbi àtẹ̀gùn ọkọ̀ láti kí àwọn èrò.

"Ṣé kì í sọ̀ kalẹ̀ ni?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn ló máa ń dúró sí, Àǹtí. Òfin iṣẹ́ wọn ni." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ìborùn síliki kan ránṣẹ́ sí i, aláwọ̀ omi aró, ó rẹwà lóòótọ́. Ẹni tó bá ń ta lọ́fíńdà, imú rẹ̀ kì í sùn. Mo gbé ìborùn náà sí imú, káfúrà ló ń rùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń fi káfúrà ṣe: inú omi tí a fi ń wẹ òkú là ń fi í sí. Sherifa já ìborùn rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó ní aáyán ni wọ́n ń fi lé nínú ọkọ̀.

Nígbà tó yá, Kalísítà gbó. Àwọn tó ni ín ní àwọn ń gbé e bọ̀ ní Tema, níbi tí wọ́n ti ń fa omi kúrò lábẹ́ ọkọ̀ kó lè dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n lè tún un kùn, kí wọ́n sì pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì àti kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Dọ́kì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọdún fún àwọn kan. Kwabena, akọ̀wé báńkì kan tó ń gbé ní Dansoman, ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wásáàpù fún àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Díẹ̀ nínú wọn ti wọ̀ ọ́ rí. Èyí tó pọ̀ jù kò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń ṣọ́ ọ lórí fóònù, níbi tí ọkọ̀ ti ń hàn bí ọfà kékeré lórí omi. "Ó ti kúrò ní Dakar!" "Ó ti dé ọ̀kánkán Abidjan!" Ẹ ó rò pé ìyàwó ni wọ́n ń sìn bọ̀ wálé. Sherifa fi tipátipá fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn aláìníṣẹ́ wọ̀nyí, kí n lè máa rí i bí ọkọ òun ṣe ń bọ̀. Khàlíl ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá ti fa omi tán, tí kálukú bá sọ̀ kalẹ̀, òun á wá so yìgì ní Kokomlemle.

Sherifa ní kí Bàbá Àlàmú rán agbádá ọkọ ìyàwó. Bàbá Àlàmú ni télọ̀ inú ọgbà wa, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tó ti Ogbomọ̀ṣọ́ dé. Mo mú fọ́tò Khàlíl lọ bá a kó lè fojú wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ó ń tẹ máṣínnì lọ́wọ́. Ó wo fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

"Kí lo pe orúkọ ẹni yìí?"

"Khàlíl."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e wọ̀, ó tún wo fọ́tò náà. "Khàlíl ọmọ Àdìó ni. Wo àpá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ wẹ̀ ẹ́, Zuweira. Èmi ni mo gé aṣọ tí a fi dì í."

Mo ní bóyá ìjọra ni.

Bàbá Àlàmú rẹ ohùn sílẹ̀. "Àkúdàáyà ni. Ọjọ́ rẹ̀ kò pé tó fi kú, ló bá lọ ń gbé níbi tí ẹnì kankan ò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń bímọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ wọ́n rí bá fojú ara rẹ̀ kàn wọ́n, ó parí. Fọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Ojú ni."

Mo wá rò ó. Ibo ni ìbá tún dáa tó inú ọkọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ilé tí kì í dúró lójú kan, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Ààbọ̀ ọjọ́ ni ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Inú bí mi. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó wà láyé, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ni òkú rí gbé.

Mo sọ fún Sherifa. Ó gbọ́ ọ tán, ó ká aṣọ agbádá náà, ó jù ú lù mí láyà.

"Ẹ kò fẹ́ kí n kúrò lẹ́yìn yín láé ni. Ẹ fẹ́ kí n gbó sídìí ìpara bíi tiyín."

"Òkú ni, Sherifa."

"Bó bá ṣe òkú náà, òun ni mo fẹ́." Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. "Bí ẹ bá lé e, mo tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó wà létí yín."

Ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ ni mo pè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa omi abẹ́ Kalísítà tán, mo ti Bàbá Àlàmú sínú bọ́ọ̀sì tírótírò, a kọrí sí Tema.

Ọkọ̀ náà dúró gbẹ lórí àwọn òpó kúkúrú, gbogbo abẹ́ rẹ̀ sì hàn síta. Ìkarahun bo ikùn rẹ̀, òórùn ẹja kíkú gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn ará Wásáàpù kún ẹ̀yìn ọgbà irin, wọ́n ń ju ọwọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Sherifa wà láàrin wọn, ó lo ìborùn síliki rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Khàlíl ló jáde kẹ́yìn. Ó fi sùúrù sọ̀ títí dé orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó dúró, ó ń wá ojú Sherifa.

Mo fa Bàbá Àlàmú síwájú. "Ẹ pè é."

"Khàlíl ọmọ Àdìó!"

Ọkùnrin náà yíjú. N kò rí ẹni tí ẹ̀rù bà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé ọwọ́ bojú bí ọmọdé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má wò mí. Ó kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Àlàmú wò ó. Èrò rọ́ kọjá níwájú mi, nígbà tí wọ́n fi máa kọjá tán, kò sẹ́nì kankan lórí àtẹ̀gùn. Bàtà rẹ̀ nìkan ló kù, méjèèjì wà létí ara wọn, iyẹ̀pẹ̀ pupa sì kún inú wọn dé ẹnu. Kwabena ń pariwo pé mo ti gbé oògùn Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, wá ba ọkọ̀ àwọn jẹ́. Mo ní kó lọ fẹ́ ọkọ̀ náà níyàwó. Sherifa gbé bàtà méjèèjì mọ́ra, ó sì rìn kọjá lára mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Látọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá, ó gbé fóònù sí àyà, ó ń wo ọfà Kalísítà tí kò kúrò lójú kan. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ní Tema wọ́n ń kun ọkọ̀ lọ́dà funfun àti àwọ̀ wúrà, nínú ilé mi àbúrò mi ń gbẹ. Dókítà ní òun ò rí àrùn kankan. Bí mo bá se ọbẹ̀, á kojú sógiri. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sunkún sí i lẹ́sẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé kókó àti kóòsé, ìyẹn ògì àti àkàrà, wọlé fún un, fóònù wà láyà rẹ̀, ọfà náà sì ń rìn. Wọ́n ti dá omi padà sábẹ́ ọkọ̀. Kalísítà ti ń lọ. Sherifa náà ti lọ. Èmi fúnra mi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mo da káfúrà sínú omi.

Àwọn ará Kokomlemle ní èmi ni mo pa á. Ẹnu wọn á rà. Ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ló pa á, ẹni tó bá sì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

N kò jáde nínú ẹgbẹ́ Kwabena. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ó fi fọ́tò yàrá ìjẹun tuntun inú ọkọ̀ náà ránṣẹ́, kí gbogbo wa lè rí kápẹ́ẹ̀tì. Ní igun rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan gbé àwo ife, ó yíjú díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan. Ó lo ìborùn síliki aláwọ̀ omi aró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fèrèsé wà, òkun sì wà nínú fèrèsé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ nìyẹn. Èmi tí mò ń pè wọ́n ní aláìníṣẹ́, mo mọ ibi tí Kalísítà wà ju Kwabena lọ. Mo mọ̀ ọ́n kí n má baà lọ pàdé Sherifa ni. Ojú mi lè pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Àlàmú rí fọ́tò náà. Ó ti ní kí Kwabena fi òun náà sínú ẹgbẹ́. Ó wá bá mi, ó ní òkú kò gbọdọ̀ máa rìn káàkiri, pé bí ọkọ̀ bá padà dé Tema, òun á lọ fojú kan Sherifa kó lè rí ìsinmi.

"Kí ẹ tó lọ," mo ní, "ẹ sọ fún mi kí n ra káfúrà tiyín sílẹ̀."

Ó wò mí títí. "Ìfẹ́ ara rẹ lò ń ṣe, Zuweira. Kì í ṣe tirẹ̀." Ó sì jáde. A kò kí ara wa mọ́ látìgbà náà.

Lánàá ni Kalísítà dé. Ọ̀sán ni, Okaishie gbóná, èrò ń ti ara wọn. Fóònù mi dún, ohùn Kwabena ni láti èbúté, Twi ló fi ń bá gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló kí àwọn dáadáa paa, àfi obìnrin kan tó fi aṣọ bo ojú, tí kò wo ẹnì kankan. Ó ní takisí ló wọ̀. Okaishie ló ní kí wọ́n gbé òun lọ.

Mo fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ku àlàfo tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ gbà wọlé. Mo jókòó sórí páálí ìpara nínú òkùnkùn. Mo di ojú méjèèjì.

Ariwo ọjà wà níta bó ṣe máa ń wà. Nígbà tó ṣe, nǹkan fi ara họ ilẹ̀kùn. Òórùn lọ́fíńdà kún inú ṣọ́ọ̀bù mi láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ káfúrà borí gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan kúnlẹ̀ níwájú mi. Ọwọ́ kan, tó tutù, tó sì rọ̀, wọ inú ọwọ́ mi.

"Àǹtí," ó ní, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. "Ẹ má lajú o."

"N kò lajú."

"Ẹ ti rù."

"Ìwọ lo fà á." Omijé ń gba abẹ́ ìpéǹpéjú mi jáde. "Ṣé ó ń tọ́jú ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fẹ́ dá mi lóhùn. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn irin kígbe, tí ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè láti ìta, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì pọ́n lójú mi tí mo dì.

"Zuweira, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Bàbá Àlàmú ni. Ọwọ́ Sherifa ṣì wà nínú tèmi. Mo fún un, mo fi gbogbo agbára mi fún un, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí iyẹ̀pẹ̀ láàrin ìka mi.