Ìfẹ́sọ́nà Aṣọ

"Ṣé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́ra wọn sọ́nà?" Àǹtí Kékeré, àbúrò màmá wa, béèrè láìgbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí," ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dáhùn. Kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í.

Yàrá tóóró yẹn, tí òórùn irin ìlọṣọ kì í tán níbẹ̀, ní èdè tirẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fi àjákù rán aṣọ ìbora níbẹ̀ ń pe aṣọ tó wà lókè ní ìyàwó, èyí tó wà nísàlẹ̀ ní ọkọ, òwú tí wọ́n tẹ́ sáàárín ní alárinà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wọn ni. Kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀gbẹ̀rì, nítorí náà, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín.

Aṣọ olóògbé màmá wa ló gé lọ́jọ́ náà, kí n lè rí nǹkan fi bora nílé ìwé tí mo fẹ́ lọ gbé. Kò sí òmíràn mọ́.

Ó ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ abẹ́ ẹ̀rọ. Kò tíì rán an dé àárín tí ọkọ fi sá sápá kan, alárinà ṣù jọ, ìyàwó sì hunjọ. Mo ní kí ó gé ibẹ̀ sọnù, ta ni yóò mọ̀? Ó wo aṣọ Màmá títí, ó gbé e lọ bá Àǹtí.

"Ẹ má bínú. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́sọ́nà."

"Ọmọ yìí ti ṣègbéyàwó láìsọ fún ẹbí," ni ìyá àgbà kan wí. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

Àǹtí fi abẹ́rẹ́ ṣe ìfẹ́sọ́nà hàn án: wọn a kọ́kọ́ fi òwú abẹ́rẹ́ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní àlàfo-àlàfo kí wọ́n má baà yẹ̀, bí ìránṣọ gidi bá parí, wọn a tú u.

"Màmá yín ló kọ́ mi," ni ó wí. "Mo bi í, mo tún bi í. Kò bínú."

Wọ́n jọ tú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti rán. Aṣọ Màmá ti gbó, ó ya níbì kan. Wọ́n fi àjákù búlúù lẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń fọwọ́ pa kí n tó sùn nílé ìwé.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó ní òun mọ ohun tí kò mọ̀, ohun tí kò ní àfidípò ni ó lè fi kọ́gbọ́n.