Àpótí Tí Bàbá Táyà Gbà Lọ́wọ́ Omi

Bí òjò ọ̀sán yẹn ṣe ṣú, ìyá aránṣọ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ gorí tábìlì, ó gbé àpò aṣọ àwọn oníbàárà gorí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè. Kó tó ká a tán, omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tí kì í kí ará ilé.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Yunifásítì ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń kàwé fún oyè kejì nínú ètò ìlú. Nítorí pé kò sí gọ́tà tí kì í bẹ̀rẹ̀ wọ̀n, Oníwọ̀n ni àdúgbò ń pè é.

"Màámi, láti ìgbà wo ni omi ti ń wọlé báyìí?"

"Ìkẹrin rèé lọ́dún yìí. O wà lẹ́nu ìdánwò, mi ò fẹ́ da ọkàn rẹ rú."

Oníwọ̀n na ìwé náà sí i. "Orúkọ àwọn òpópónà tí ìjọba fẹ́ gbẹ́ gọ́tà tuntun sí nìyí. Ẹnu géètì ọ́fíìsì ètò ìlú ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tiwa ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù fún ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn."

"Háà! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ wà ní yunifásítì, àdúgbò wa wọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Oníwọ̀n, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àtòkọ yẹn. Ẹ̀rọ kékeré ọgbọ̀n tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn mọ́ abẹ́ àwọn afárá gọ́tà ni ọ́fíìsì náà fi ń mọ ibi tí omi ti ń kún. Ẹ̀rọ á wọn omi, á fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wo ti òpópónà wọn. Òdo. Òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò. Omi sì rèé ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Irú àlọ́ wo nìyí?" Ó ká ṣòkòtò, ó bọ́ síta.

Ó ki ọwọ́ bọ omi lábẹ́ afárá òpópónà wọn, kò bá àpótí ẹ̀rọ náà níbẹ̀. Ojú ìṣó mẹ́rin nìkan ló kù. Ó yíjú sí àtíbàbà Bàbá Táyà, tó ń lẹ táyà létí gọ́tà.

"Bàbá, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí àpótí funfun kan lábẹ́ ibí?"

"Àpótí rẹ? Mo ti bá ọ tọ́jú ẹ!" Ó nawọ́ sókè ògiri. Láàárín àwọn túùbù, àpótí náà wà lórí ìṣó nínú ọ̀rá, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. "Òjò àkọ́kọ́ ni mo rí i pé omi fẹ́ gbé e mì. Mo ní háà, nǹkan olówó iyebíye! Mo bá tú u. Àràárọ̀ ló ń ṣẹ́jú sí mi, èmi náà á kí i."

"Bàbá! Omi gan-an ló yẹ kó bò ó! Ọ́fíìsì rò pé àdúgbò wa gbẹ."

"Ta ló sọ fún mi?" Ohùn bàbá le. "O wá, o kàn án mọ́bẹ̀, o kí mi, o lọ. Ṣé ara ìṣó ni kí n ti kà á ni?"

Oníwọ̀n gbójú sókè wo àpótí náà lórí ìṣó. Ó ti fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò fi ìṣẹ́jú kan ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń jókòó tì í.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ni ẹ̀rọ? Kọ nọ́ńbà tó dáa sí i fúnra ẹ."

"Rárá o, Màámi. Tí mo bá pa irọ́ kan síbẹ̀, ta ni yóò gba òótọ́ mi mọ́? Ẹ yá mi ní téèpù yín."

Téèpù tí ìyá fi ń wọn ìbàdí oníbàárà ni wọ́n fi wọn ògiri. Ilé mọ́kànlélógún, ọjọ́ mẹ́ta. Níbi tí ẹrẹ̀ bá ti fa ìlà sára ògiri, Oníwọ̀n á wọ̀n ọ́n, á ya fọ́tò rẹ̀, onílé á sọ ọjọ́ tí omi dé ibẹ̀, á sì fọwọ́ síwèé. Àwọn kan ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, pé ìjọba ò níí gbọ́.

"Ẹ fọwọ́ sí i ná," ni ìyá aránṣọ dá wọn lóhùn. "Bí wọn ò bá gbọ́, a ó tún padà lọ."

Ní ọjọ́ kẹrin, Oníwọ̀n, ìyá rẹ̀ àti Bàbá Táyà dúró níwájú òṣìṣẹ́bìnrin kan ní ọ́fíìsì ètò ìlú. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ̀rọ ní kò sí omi lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀rọ kì í sì í parọ́."

"Kò parọ́ lóòótọ́," Bàbá Táyà fèsì. "Èmi ni mo gbé e kọ́ sókè ògiri mi. Òkè ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ohun tó rí ló sọ."

Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ìwé ilé mọ́kànlélógún náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀, ó fún wọn ní ẹ̀dà kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wá fojú ara wọn wo ògiri. Nígbà tí àtòkọ tuntun jáde, òpópónà wọn ni ìkẹta láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀rọ kò mọ àdúgbò ju ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tuntun ní òpópónà yín, ẹ má tú u, ẹ béèrè ẹni tó ni í àti ohun tó ń kà. Bí ọ́fíìsì bá lẹ àtòkọ síta, ẹ tètè lọ wá orúkọ yín níbẹ̀. Bí ohun tí ẹ̀rọ sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí ojú yín rí, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fọwọ́ sí i lápapọ̀, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ ètò ìlú, kí ẹ tó kan ìṣó, ẹ bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

Àpótí náà ti padà sábẹ́ afárá. Bàbá Táyà fúnra rẹ̀ ló kọ páálí tó wà lókè rẹ̀: "Ẹ JẸ́ KÍ OMI BÒ Ó. IṢẸ́ RẸ̀ NÌYẸN."