Àmín Tí Naimat Ṣe

"Naimat Adérógbà! Àbí ọmọ Àmọ̀dá Adérógbà olórin ni ẹ́ ni?"

Ruqoyah, tó ń darí ẹgbẹ́ òṣèré ọgbà yunifásítì, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìdílé Naimat àti ti olórin náà bára mu lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju ìyẹn lọ. Àmọ̀dá ti kú. Bàbá Naimat wà láàyè ní Itele, ó ń ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó. Ṣùgbọ́n eré nípa ayé Àmọ̀dá ni wọ́n fẹ́ ṣe, gbogbo wọn ló sì ń du ipa ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Bàbá mi ni."

Bó ṣe gba ipa náà nìyẹn, ó fi bàbá tó ń rán an níwèé sílẹ̀, ó lọ gbá òkú olókùú mú.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, Ruqoyah ní kí gbogbo wọn tẹ́wọ́ àdúrà. "Kí Ọlọ́hun forí ji bàbá Naimat. Kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ wọn."

"Àmín!"

Gbogbo ojú wá yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Naimat náà ní, "Àmín." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí pé bàbá òun wà láàyè.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbádùn mọ́. Bó bá dé ibùdókọ̀ Toll Gate lọ́nà ilé, tí orin Àmọ̀dá ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù, a dà bíi pé òkú náà ń pè é lọ́mọ. Bó bá délé lọ́sàn-án, yóò bá bàbá rẹ̀ tó fi aṣọ borí sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Yóò dúró tì í, yóò máa wò ó bóyá ó ń mí. Àbí Ọlọ́hun ti gba àdúrà yẹn ni? Ẹ̀rù ń bà á débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, aṣọ náà ò mira. Ló bá figbe ta. "Bàbá! Bàbá!"

Bàbá ta gìrì jí. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Naimat kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ká aṣọ kúrò lára, ó dìde jókòó.

"Ṣé ìwọ náà ṣe àmín?"

"Mo ṣe é, Bàbá. Ẹ foríjì mí."

"Àdúrà ò pa mí, ọwọ́ Ọlọ́hun nikú wà. Àmọ́ ọmọ tí mò ń torí ẹ̀ pa oorun tì ló dúró láàárín èèyàn, tó ní mo ti kú. Ìyẹn dùn mí, Naimat."

Lọ́jọ́ kejì, Naimat dúró níwájú ẹgbẹ́ òṣèré. "Ẹ má bínú. Bàbá mi ò kú. Olórin kọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ irin ni wọ́n ń ṣe." Ruqoyah gba ipa náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́nu mímú inú ẹgbẹ́ sì sọ ọ́ lórúkọ: Ọmọ Òkú.

Bàbá rẹ̀ dárí jì í, àmọ́ ó pẹ́ kó tó tún bá a ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ lè gbé yín dé orí ìtàgé, ṣùgbọ́n ògo tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sin òbí yín láàyè, ẹ má gbà á.