Táńkì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fọ̀

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ jáde láàárọ̀ lọ fín oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà rẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n gbé e wálé, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣùrùṣùrù. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ò sunkún. Ó bọ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tó tutù lẹ́yìn, ó fi kọ́ ìṣó, ó sì jókòó tì í. Àfi bíi pé ẹlòmíì lọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀ sí.

"Ojú lásán kọ́!" làwọn èèyàn ń wí. Ẹ̀wà ti ń rọ lóko òkè, tòmátì ti ń gbẹ lóko ìsàlẹ̀. Oko kan ṣoṣo ló tutù yọ̀yọ̀, oko ẹ̀gbọ́n olóògbé, arúgbó obìnrin tí wọ́n ń pè ní Adánìkanṣe. Kò bá wọn ṣẹgbẹ́, ọkọ́ ló fi ń ro oko ẹ̀. Òwìwí sì ti sọ òrùlé rẹ̀ di ilé. Kí ló tún kù? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, àwọn ọkùnrin ṣèpàdé bòńkẹ́lẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́. Òwìwí ké, wọ́n sì sún mọ́ra. Àbúrò olóògbé, tó ń ṣojú ará òkè, ní kí wọ́n lé arúgbó náà lọ, kí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé, ará ìsàlẹ̀, ní òun fara mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ mi o: láti ọjọ́ tí ìjà ti pín ẹgbẹ́ sí méjì, ohun àkọ́kọ́ tí òkè àti ìsàlẹ̀ máa fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, opó náà gbé táńkì ìfínoògùn ẹgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ lò kọ́ ẹ̀yìn pé kóun dá a padà. Kò tíì rìn jìnnà tí nǹkan tutù fi ń ṣàn sí i lẹ́yìn. Ó dúró. Òórùn tó gbọ́ lára ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ni.

Kò yà síbì kankan mọ́, ó di ilé Adánìkanṣe, níbi tó ti gbọ́ ariwo. Èrò ti pé. Arúgbó náà ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ dìde, kẹ́ ẹ máa lọ!" ni àbúrò olóògbé ń pariwo.

"Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà," ni arúgbó náà wí. "Ibo lo ní kí n lọ?"

Opó náà gbé táńkì kalẹ̀ láàárín wọn. "Táńkì yìí ń jò. Ta ni ò mọ̀ nínú yín?"

Ó tọ́ka sí ìdí táńkì náà, ó ní:

"Ẹni tó lò ó tán á ní kí ẹni tó kàn fọ̀ ọ́. Ẹni tó kàn á ní kí ẹni tó lò ó tán fọ̀ ọ́. Òkè fi pa koríko, ìsàlẹ̀ gbà á, wọ́n bu oògùn kòkòrò lé àṣẹ́kù, wọ́n fín in sí tòmátì. Ìsàlẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkè. Oògùn apakoríko lẹ fín sóko, ẹ wá ń retí kó so? Màmá ò lò ó rí, ìdí nìyẹn tí oko tiwọn fi yè."

"Kí ló wá pa ẹ̀gbọ́n mi?" ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bi í.

Ìbéèrè tí opó náà ń bẹ̀rù nìyẹn. Tó bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé àjẹ́ ló pa ọkọ rẹ̀, orúkọ rere á sì kù fún ọkọ náà.

"Oògùn ló ń jò sí ọkọ mi lára. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún táńkì ṣe. Wọ́n ní ohun tí ará ìsàlẹ̀ bà jẹ́, àwọn ò ní tún un ṣe láéláé. Agídí ló pa ọkọ mi. Ẹ fi Màmá sílẹ̀."

Akọ̀wé yíjú sí ará òkè. "Ẹ̀yin náà lẹ kúkú lò ó kẹ́yìn."

"Irọ́ ni! Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́!"

Ìjà tún ti bẹ̀rẹ̀. Omi ń kán tó, tó, nídìí táńkì.

"Ta ló kàn láti fọ̀ ọ́?" ni opó náà bi wọ́n.

Adánìkanṣe tú ẹrù rẹ̀, ó mú garawa àti ọṣẹ jáde, ó jókòó ti táńkì tí kò lò rí láyé rẹ̀. "Ẹ yà fún mi," ló wí. "Èmi ló kàn."

Ojú ti akọ̀wé, ó gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ pọnmi. Àbúrò olóògbé náà wá garawa tiẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni opó náà tó bú sẹ́kún.