Ẹni Tí Kò Ka Ìyókù

Ojú ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Dígí gbọọrọ kan tó ga tó ilẹ̀kùn ló ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn bọ̀ láàárín títì lọ́sàn-án gangan, oòrùn sì ń kọ mànà lára rẹ̀. Alágbàfọ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti wò ó. Ó rí irun ara rẹ̀ tó ti rí wúruwùru, ó rí ìfófòó ọṣẹ ní àgbọ̀n rẹ̀, ó sì rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ òun ò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí dígí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ni orí ọkùnrin kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, òógùn bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà wà níwájú mi? N ò ríran."

"Kòtò ló wà níwájú yín," ni Alágbàfọ̀ dáhùn. "Tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, dígí yín á di ẹgbẹ̀rún."

Bó ṣe di pé ó sáré lọ di etí kejì mú nìyẹn, tí wọ́n jọ gbé dígí kọjá kòtò, tí wọ́n sì ń kí ara wọn kú iṣẹ́ títí dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, tó wà ní òdìkejì títì. Nígbà tó padà dé, áyọ́ọ̀nù tó gbàgbé sórí tábìlì ti jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. Ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òórùn aṣọ tó jó, ẹ ò lè sọ pé kò kìlọ̀.

Bàbá Alágbàfọ̀ rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá náà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kọ ohun tí olùpẹ̀jọ́ àti ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀. Láti ọdún tó fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì kú lọ́dún náà, ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ló ń wá jókòó sí láti àárọ̀, íápíìsì ní etí méjèèjì, fóònù lọ́wọ́, tí á máa mi ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kì í gbọ́ ohunkóhun. Bí èèyàn bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó fọwọ́ kàn án léjìká. Ọmọ rẹ̀ a máa ní bàbá òun ò gbé ayé yìí, inú íápíìsì ló ń gbé.

Kò pẹ́ tí Onídígí di ará ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á sọdá títì, òun àti Alágbàfọ̀ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á forí kan orí lé fóònù kan ṣoṣo. Wọ́n á wo ọkùnrin tó ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ jiyàn. Wọ́n á wo obìnrin tó ń kọ́ gbogbo ayé ní oúnjẹ sísè, tí ìkòkò rẹ̀ sì máa ń jóná lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ wọn jù ni ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ fídíò. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò ń gba olówó nímọ̀ràn níbẹ̀. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lé jáde nílé ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó. Onídígí á máa fi oríṣiríṣi ohùn kà wọ́n, Alágbàfọ̀ á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Síbẹ̀, Alágbàfọ̀ ń ṣọ́ ọ. Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ gbọ́ ìdí. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ṣáájú ti ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún nígbà tí wọ́n jà, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Odidi ọ̀sẹ̀ kan làwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí fi ń fi ẹkún rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn oníbàárà pàápàá ń gbé aṣọ tó mọ́ wá, kí wọ́n ṣáà lè wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti búra pé ọkùnrin kankan ò ní fi òun ṣe ìran mọ́ láyé. Ọjọ́ tí Onídígí kọ́kọ́ gbé fóònù sókè nítòsí rẹ̀ láti ya dígí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, Alágbàfọ̀ ní kó fi àwòrán inú rẹ̀ han òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onídígí fi hàn án, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di oṣù kẹfà tí wọ́n ti mọra, Onídígí wọ aṣọ tó dáa, ó lọ dúró níwájú bàbá, ó ní òun fẹ́ fi ọmọ wọn ṣe aya. Bàbá yọ íápíìsì kan, ó fi ìkejì sílẹ̀ sétí. Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Ó sì dá a padà sétí.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń gbé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ wá, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn, tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló na fóònù sí Alágbàfọ̀ lọ́jọ́ kan pé kó wo péèjì kan tó ń dá òun lára yá. Ògiri Létí ni wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín. Àwòrán ògiri tó sán ló wà níbi tó yẹ kí ojú èèyàn wà. Ogójì ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń tẹ̀lé e, ìtàn ọmọge kan tó ń lọ aṣọ àti ọkùnrin kan tó ń ru dígí ló sì ń sọ.

Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ní ọkùnrin náà sọ fún ọmọge pé nígbà tí òun wà ní kékeré, inú dígí lòun ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀, torí pé òun ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, òun ò lábùúrò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín Alágbàfọ̀ ti pin. Orí bẹ́ǹṣì yìí ni Onídígí ti sọ ọ́ fún un, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́lòmíì ní ṣọ́ọ̀bù àfi bàbá tí kì í gbọ́ nǹkan kan.

Ta ló tún kù? Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, orí ẹnì kan ṣoṣo ló ń já sí. Láti ọjọ́ náà, kò sóhun tí Onídígí ṣe tí kò di ẹ̀rí. Bó bá rẹ́rìn-ín, òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dákẹ́, ó ń ro ohun tó máa kọ. Bó bá fọwọ́ kan fóònù rẹ̀, Alágbàfọ̀ á na ọrùn. Bí kò bá fọwọ́ kàn án rárá, á ní ó ti mọ̀ pé òun ń fura nìyẹn.

Ló bá dẹ okùn. Ó dúró dìgbà tí bàbá ń mi ẹsẹ̀ nínú íápíìsì rẹ̀, ó sún mọ́ Onídígí, ó ní òun fẹ́ sọ ohun tí òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun ń bẹ̀rù ológbò bí nǹkan míì; pé ọ̀kan fi èékánná ya òun lórí nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Irọ́ gbuu. Onídígí ò mọ̀. Ó fọwọ́ pa á lórí jẹ́jẹ́ níbi tó ní ológbò ti ya òun. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣí péèjì. Ìlà mẹ́ta ló hàn sí i: "Ọmọge sọ àṣírí kan fún onídígí rẹ̀ lánàá. Ó ní òun ń bẹ̀rù ológbò, pé ọ̀kan ti ya òun lórí rí. Ọkùnrin náà sì fọwọ́ pa á lórí." Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ "Ka ìyókù" sí, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá gùn. Kò kà á. Kí ló tún fẹ́ kà? Ẹni tó ń wá olè, tó sì ti rí ẹrù lọ́wọ́ ẹnì kan, ṣé ó tún máa ń dúró béèrè bí ẹrù ṣe débẹ̀?

Nígbà tí Onídígí sọdá lọ́sàn-án, Alágbàfọ̀ na fóònù sí i lójú.

Onídígí kà á, ojú rẹ̀ sì dàrú. "Èmi kọ́," ló wí.

"Àwa méjì la wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi fẹ́ bi ọ́." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ohun tí mo sọ nípa dígí àti ìgbà kékeré mi náà wà níbí. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ṣé ìwọ kọ́?"

Kò sóhun tó bí Alágbàfọ̀ nínú tó ìyẹn. Ó ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ ológbò, òun fi dán an wò ni, ó sì ti já kulẹ̀. Onídígí ní, "O dán mi wò." Ó dìde, ó sọdá títì, kò sì wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jókòó sí i. Bàbá fúnra rẹ̀ yọ íápíìsì kan lọ́jọ́ kan, ó béèrè pé onídígí ńkọ́. Alágbàfọ̀ ní ó rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ń gbọ́ ìró gíláàsì tí wọ́n ń gé lódìkejì. Ògiri Létí náà dákẹ́, kò kọ nǹkan kan mọ́. Alágbàfọ̀ ní ẹ ò rí i, Onídígí ò rí ohun tó máa kọ mọ́ torí òun ti lé e. Ṣùgbọ́n bó bá dọ̀sán, ojú rẹ̀ á máa lọ sójú títì, ọkàn rẹ̀ á sì máa rò ó gan-an.

Nọ́ọ̀sì ló padà wá gba yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ní ìtàn ọmọge yẹn dáwọ́ dúró níbi tó dùn jù, pé ti àwọn ọmọ ológbò yẹn pa òun lẹ́rìn-ín gan-an.

"Ọmọ ológbò wo?" ni Alágbàfọ̀ béèrè.

"O ò ka ìyókù ni?" Nọ́ọ̀sì tẹ fóònù rẹ̀, ó sì kà á sókè: "Irọ́ ni ọmọge pa. Ọmọ tó jẹ́ pé ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó kó ọmọ ológbò mẹ́ta pamọ́ sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, ó sì ń fún wọn ní mílíìkì tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí wọn, kò bá a wí, ó fi mílíìkì kún ti ọmọ náà ni. Ẹ̀rù ọkùnrin ló ń bà á, kì í ṣe ti ológbò. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wá àbùkù onídígí yìí. Mi ò rí i. Ohun tó ń dá mi dúró ò ju ọ̀kan lọ: bó bá mú un lọ, ohùn ta ni mo tún máa gbọ́?"

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ Alágbàfọ̀. Èèyàn mẹ́ta péré ló mọ̀ nípa àwọn ọmọ ológbò náà, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Ó yíjú sí kọ̀rọ̀. Bàbá jókòó síbẹ̀, íápíìsì ní etí méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti dẹ́kun mímì. Alágbàfọ̀ fi ojú tẹ̀ lé wáyà íápíìsì náà láti etí bàbá wá sí àyà, láti àyà wá sí orúnkún, títí dé ìsàlẹ̀ àga níbi tí ẹnu rẹ̀ fì sí. Kò wọnú fóònù kankan.

Ó dúró kí nọ́ọ̀sì lọ. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ̀ ń gbọ́ mi, Bàbá."

"Mò ń gbọ́ ẹ."

"Ẹ fi mí ṣe ìran. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí."

Bàbá ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi kọ ọ̀rọ̀ tí kò kan òun. Ìgbà tí ìyá Alágbàfọ̀ kú, tí ilé dákẹ́, òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohùn ọmọ òun sílẹ̀ kí ó má baà sọnù. Nígbà tí onídígí wá, òun fẹ́ kí àwọn èèyàn bá òun wò ó, torí ojú kan ṣoṣo ò tó fún ọmọ kan ṣoṣo. Ó ní òun rí i pé wọ́n jà, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. "Mo jẹ̀bi, ọmọ mi," ló wí. Àìmọye ìgbà ló ti kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Alágbàfọ̀ ṣí péèjì náà lórí fóònù rẹ̀. Ó sọdá títì.

Onídígí ń fi ọ̀bẹ gíláàsì fa ìlà. "Má sọ̀rọ̀ ná. Tí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, ó máa fọ́." Alágbàfọ̀ dúró. Gíláàsì já sí méjì geere. "Ó yá, sọ ọ́."

"Mi ò ka ìyókù," ló wí, ó sì na fóònù sí i.

Onídígí kà á dópin. "Ṣé bàbá gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí kan ọjọ́ tí mo kọrin fún ẹ?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohùn ẹ ò dáa."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó fi gbé e kúrò. Ó ní òun ò bínú sí bàbá. "Ìwọ lo dùn mí. Tí o bá fura sí mi, bi mí lójúkojú. Má dẹ okùn dè mí mọ́ láé."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ báyìí?"

"Bi mí."

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

"Látọjọ́ kòtò yẹn ni," ni Onídígí wí.

Ó gbé dígí kan kúrò lára ògiri, Alágbàfọ̀ di etí kejì mú, wọ́n sì gbé e sọdá. Wọ́n yà fún kòtò tí ẹnikẹ́ni ò tíì dí. Iwájú àga bàbá gan-an ni wọ́n gbé e kọ́ sí, tó fi jẹ́ pé bó bá gbójú sókè báyìí, á rí bẹ́ǹṣì àti ẹni méjì tó máa ń jókòó sórí rẹ̀. "Bàbá," ni Alágbàfọ̀ wí, "ojú ni kẹ́ ẹ máa fi wò wá. Kò sì síbi tí à ń lọ. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yìí la máa gbà."

Bàbá yọ íápíìsì, kì í ṣe ọ̀kan mọ́. Ó ká wáyà rẹ̀ jọ, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun máa pa gbogbo ohun tí òun kọ rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ogójì ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń retí. Ṣé òun lè kọ ọ̀kan péré sí i? Alágbàfọ̀ ní bí òun bá kọ́kọ́ kà á ni. Bàbá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá na fóònù sí i.

Kò gùn débi tí "Ka ìyókù" á fi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Bàbá ọmọ náà ti gbà. Ẹ máa lọ sílé yín."

Alágbàfọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi han Onídígí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í ránṣẹ́.